Ọkọ̀ Tí Kò Yọ́ Kẹ́lẹ́: Ìtàn Àwọn Ayọ́kẹ́lẹ́ Abarapá ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ọkọ̀ kékeré ní ayọ́kẹ́lẹ́ mọ èdè lò. Ó rí ohun tí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí kì í pariwo bí ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ayọ́kẹ́lẹ́ kan ń bẹ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí orúkọ yìí kò yẹ rárá. Kí ó tó yọ ní ìkóríta ni àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bí ó bá dúró, ilẹ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣí, táyà rẹ̀ a máa rú èéfín. Àwọn tí ó ni ín ń pè é ní “muscle car”, bí ẹni pé wọ́n rí ọkọ̀ tí ó yọ iṣan lápá. Nínú àròkọ yìí, abarapá ni n ó máa pè é, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ le, tí agbára rẹ̀ sì pé, ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi ní ilé ìkàwé níbi tí mo ti ń ka ìtàn àwọn ọkọ̀ yìí, ó sì bi mí pé kí ni ó pa akẹ́kọ̀ọ́ èdè pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó ni abarapá ń jiyàn lé lórí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwa náà ń jiyàn lé lórí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí ohun àtijọ́ bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, ṣé kí a fi í sílẹ̀ bí a ti bá a ni, tàbí kí a tún un ṣe kí ó lè bá ìgbà mu? Bí a bá sì tún un ṣe, ṣé òun náà ni ó ṣì jẹ́? Kí n tó sọ èrò tèmi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọpa ìtàn náà láti orísun rẹ̀.

Kì í ṣe inú ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìtàn abarapá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni. Ní ọdún 1932, Ford gbé ọkọ̀ kan jáde tí ó ní ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, tí a tò ní mẹ́rin mẹ́rin bí lẹ́tà V. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn olówó ni ó sábà máa ń ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ford tà á ní iye tí mẹ̀kúnnù lè san. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbó, tí owó wọn sì wálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní gúúsù Kalifóníà bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n ní àlòkù. Wọ́n yọ ohun gbogbo tí ó wúwo tí kò sì wúlò fún eré kúrò lára wọn, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n tún un tò, wọ́n sì wà wọ́n lọ sí àwọn adágún gbígbẹ bíi Muroc, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, láti mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yára jù. Ní ọdún 1937, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ṣètò eré náà. Ogun Àgbáyé Kejì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Nígbà tí àwọn tí orí kó yọ padà dé ní 1945, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lójú ogun. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, Robert Petersen bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Hot Rod fún wọn. Ní ọdún 1951, Wally Parks tí ó jẹ́ olóòtú ìwé náà dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀, kí àwọn ọmọ náà má baà máa sá eré pa ara wọn àti ọmọ ọlọ́mọ lójú títì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ń wò wọ́n láti òkèèrè. Ní ọdún 1949, Oldsmobile gbé ẹ́ńjìnnì V8 tuntun sínú ọkọ̀ tí kò wúwo púpọ̀, wọ́n pè é ní 88, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó yára ju bí wọ́n ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ọ̀gá ni Zora Arkus-Duntov, ẹnjiníà tí a bí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ní Chevrolet. Ní oṣù kejìlá ọdún 1953, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé Ford ni ó kún inú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́, àti pé ẹni tí ó bá fi Ford bẹ̀rẹ̀ ní èwe yóò máa ra Ford nígbà tí ó bá dàgbà. Nítorí náà, kí Chevrolet ṣe àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lè rà láti fi tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ní ọdún 1955, ẹ́ńjìnnì V8 kékeré ti Chevrolet jáde, àwọn ọmọ sì tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà rí: ọmọdé ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń fẹ́, àgbà ni ó ní ilé-iṣẹ́ tí yóò fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìdènà kan wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, General Motors, tí ó ni Chevrolet àti Pontiac, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ yọwọ́ nínú eré ìje. Òfin mìíràn tún wà nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n àyè inú àwọn sìlíńdà, níbi tí epo ti ń jóná, ni wọ́n fi ń mọ ìtóbi ẹ́ńjìnnì. Íńṣì kúbíìkì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Òfin náà ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ alábọ́ọ́dé kò gbọdọ̀ ju 330 lọ. John DeLorean, olórí àwọn ẹnjiníà Pontiac, àti Bill Collins pẹ̀lú Russ Gee tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, a máa pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní pápá ìdánwò ọkọ̀ tí ó wà ní Milford. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ Tempest sókè tí wọ́n ń wo abẹ́ rẹ̀, Collins ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì 389 tí ó wà nínú ọkọ̀ ńlá Pontiac kò fi ìta tóbi ju 326 tí ó wà nínú Tempest lọ. Ojú ibi kan náà ni a ó ti dè é, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti pààrọ̀ wọn.

Báwo ni wọn yóò ti ṣe òfin? Òfin sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ bèèrè fún un. Nítorí náà, wọn kò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Ohun àfikún ni wọ́n pè é, tí oníbàárà lè fi owó tí kò tó dọ́là 300 rà lé Tempest lórí. Wọ́n fún un ní orúkọ GTO, tí wọ́n mú lára ọkọ̀ Ferrari ilẹ̀ Ítálì. Pete Estes, ọ̀gá Pontiac, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe 5,000, nítorí pé àwọn kan gbà pé kò ní tà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ náà, èyí tí í ṣe 1964, wọ́n tà 32,450. Agbára ẹṣin 325 ni ó ní bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá tún fi owó kún un, kábúrétọ̀ mẹ́ta ni wọn yóò gbé lé e, agbára rẹ̀ yóò sì di 348. Nígbà tí àwọn ọ̀gá àgbà fi mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, èrè ti wọlé, kò sì sí ẹni tí í bínú sí èrè.

Láti ọjọ́ náà ni ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1964, Ford fi Mustang han àwọn ènìyàn ní ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní New York. Abẹ́ ọkọ̀ Falcon tí kò gbówó lórí ni wọ́n kọ́ ọ lé, dọ́là 2,368 sì ni iye tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Àwọn tí ó bèèrè fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lé ní 22,000. Kí ó tó pé ọdún kan, iye tí a tà ti ju 400,000 lọ. Chevrolet dá a lóhùn pẹ̀lú Camaro ní 1966. Ní ọdún 1968, Plymouth ṣe Road Runner fún ọmọ tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́: kò sí kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, àga gbọọrọ kan ni ó wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 383 ni ó wà nínú rẹ̀. Dọ́là 2,896 ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí ó bá ń ra irú ọkọ̀ wọ̀nyí kì í kàn ń ra ọkọ̀. Ìwé gígùn kan ni wọ́n máa ń gbé ka iwájú rẹ̀, tí yóò mú ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì àti àwọ̀ tí ó wù ú. Àtúnṣe tí àwọn ọmọ Kalifóníà ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ti di ohun tí a ń fi bírò yàn lórí tábìlì.

Ibi tí irọ́ sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní abarapá, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára rẹ̀ kù lórí ìwé. Ford kọ ọ́ pé agbára ẹṣin 335 ni ẹ́ńjìnnì 428 Cobra Jet ti ọdún 1968 ní, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hemi 426 ti Chrysler náà kò ju 425 lọ nínú ìwé. Àwọn oníṣòwò tí ń ta ọkọ̀ náà dá tiwọn sílẹ̀. Don Yenko, tí ń ta Chevrolet ní Canonsburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, a máa yọ ẹ́ńjìnnì Camaro, a sì gbé 427 sí i, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kò gbà láti fi 427 síbẹ̀. Ní ọdún 1969, Fred Gibb, oníṣòwò kan ní ìlú kékeré La Harpe ní Illinois, rí i dájú pé ilé-iṣẹ́ ṣe Camaro tí ó ní ẹ́ńjìnnì ZL1, tí a fi alumíníọ̀mù ṣe. Mọ́kàndínláàádọ́rin péré ni wọ́n ṣe. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ju dọ́là 7,000 lọ, àwọn oníbàárà sì sá fún un, débi pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jókòó tí kò rí ẹni rà á fún ìgbà pípẹ́. Lónìí, ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú wọn ti di ọlọ́rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọmọ òyìnbó nìkan ni ó mọ ẹ́ńjìnnì tú. Ní Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wendell Scott. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ṣe nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ó padà dé, ó wa takisí, ó sì wọ inú eré ìje NASCAR. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù ni ó ń rà, òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1963, ní Jacksonville ní Flórídà, ó fi Chevrolet tirẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Wọn kò ju àsíá fún un. Buck Baker, tí kì í ṣe òun ni ó ṣáájú, ni wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ lé lọ́wọ́; lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí àwọn òǹwòran ti túká, wọ́n gbà pé àwọn ṣi iye kà. Scott kú ní 1990 láìfi ojú kan ife tí ó yẹ kí ó gbà ní ọjọ́ náà. Ọdún 2021 ni NASCAR tó gbé ife ẹ̀yẹ fún ìdílé rẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe agbára ẹṣin nìkan ni a lè dín kù lórí ìwé.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń to ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Dodge Main ní Hamtramck, tí Detroit yí ká, àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n mú kí iṣẹ́ náà yára ju bí ara ṣe lè gbà á lọ. Nígbà tí ìyà dé, orí àwọn aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ rẹ̀ bọ́ sí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ DRUM sílẹ̀. Láti inú ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni Dodge Challenger ti ọdún 1970 ti jáde. Ẹni tí ó bá ń yin eré ọkọ̀ náà, kí ó rántí pé àwọn kan sá eré nídìí rẹ̀ kí ó tó bọ́ sí títì.

Ọdún 1970 ni abarapá dé góńgó. General Motors ti mú òfin ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kúrò, Chevelle SS tí ó ní ẹ́ńjìnnì 454 LS6 sì ní agbára ẹṣin 450. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Bíréèkì tí ó dà bí ìlù ni ó wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ náà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lórí eré, a gbóná, kò sì ní mú mọ́. Táyà wọn kò nípọn tó, ìdarí wọn kò sì dúró. Àwọn tí ó kú lójú títì ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1966 ju 50,000 lọ. Òótọ́ ni pé kì í ṣe abarapá ni ó pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè máa wò ó níran. Owó ìbánigbófò ga débi pé fún àwọn ọ̀dọ́ mìíràn, ó fẹ́ẹ̀ tó owó tí wọ́n ń dá díẹ̀díẹ̀ san lórí ọkọ̀ náà. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1970. Ní ọdún 1971, General Motors dín ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kù kí ẹ́ńjìnnì lè lo epo tí òjé inú rẹ̀ kéré. Ní 1972, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn agbára ẹṣin padà, nọ́ńbà sì já wálẹ̀ lójijì.

Ọ̀ràn tí ó wá dé lẹ́yìn náà kan àwa náà nílé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, nítorí ogun ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Owó àgbá epo kan, tí kò ju nǹkan bíi dọ́là 3 lọ tẹ́lẹ̀, ti lé ní dọ́là 11 ní oṣù kìíní ọdún 1974. Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, ṣùgbọ́n kò bá wọn kọ̀. Ó ń ta epo tirẹ̀ fún Amẹ́ríkà lọ ní owó tuntun náà. Bí ó ti di pé ọmọ Amẹ́ríkà ń tò sórí ìlà láti ra epo tí abarapá rẹ̀ yóò mu tán kí ó tó délé, bẹ́ẹ̀ ni owó ń wọ àpò ìjọba tiwa. Ìgbà náà ni owó Udoji dé, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi ra ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láyé wọn. Odò kan náà ni: ó gbé ẹrù ẹnìkan lọ, ó sì gbé ẹja wá fún ẹlòmíràn.

Nígbà náà ni abarapá di àlòkù tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Àwọn kan ta tiwọn ní ọ̀pọ̀, àwọn kan fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ilé kí òjò máa pa á. Ọmọ tí kò lówó tún rí i rà, bí àwọn ọmọ Kalifóníà ti rí Ford rà ní ìjọ́sí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ ọkọ̀ náà ní èwe tí wọn kò lè rà á wá dàgbà, wọ́n lówó, wọ́n sì padà wá a. Owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní ọdún 2014, wọ́n lu Plymouth Hemi 'Cuda ti ọdún 1971 kan, tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ní gbàǹjo ní Seattle ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ dọ́là. Níbi tí owó bá ti pọ̀ báyìí, ẹ̀tàn kò ní jìnnà. Nọ́ńbà wà lára ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà sì wà lára ọkọ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, a mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí ọkọ̀ náà mọ́ ni ó ṣì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wọ́n jù. Àwọn oníjìbìtì sì ń fi irin pa nọ́ńbà rẹ́, wọ́n ń tẹ òmíràn sí i, wọ́n ń sọ Tempest lásán di GTO.

Èyí ni ó mú kí ìjà pín àwọn tí ó ní abarapá sí ọ̀nà méjì. Àwọn ti apá kìíní ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Kódà àmì tí òṣìṣẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sábẹ́ ọkọ̀ ní 1969, kí a dá a padà síbẹ̀. Àwọn ti apá kejì ní títì ni a ṣe ọkọ̀ fún, kì í ṣe yàrá tí a ń tilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, wọ́n sì pe iṣẹ́ wọn ní “restomod”: ara àtijọ́, agbára tuntun. Ẹni tí ó bá gbọ́n nínú wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì ni yóò kọ́kọ́ pààrọ̀, yóò fi onídíìsì sí i. Lẹ́yìn náà yóò wo táyà àti ìdarí, nítorí pé ẹni tí kò lè dúró kò yẹ kí ó kọ́ eré sísá. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan jíà onípele márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa ké lórí ọ̀nà jíjìn, àti ẹ̀rọ tí ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n dípò kábúrétọ̀. Bí ó bá kan ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ a máa gbé irú LS ti Chevrolet sí i, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde nínú Corvette ti ọdún 1997. Ó fúyẹ́, kì í tètè gbóná, ó sì lágbára ju púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá ayé àtijọ́ lọ.

Ọkọ̀ kan wà tí ó dà bí ẹni pé ó ń dá apá méjèèjì lẹ́jọ́. Mustang aláwọ̀ ewé tí Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt ti ọdún 1968 ni. Àwọn tí ó ya fíìmù náà ti jó irin mọ́ ọn lábẹ́ kí wọ́n lè so ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ ọn. Ní ọdún 1974, ìdílé kan rà á ní dọ́là 6,000, wọ́n sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ bí ọkọ̀ gbogbo ènìyàn. McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà ní 1977 pé kí wọ́n ta á fún òun; wọn kò tà á. Nígbà tí ó bàjẹ́, wọ́n gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé irínwó ẹgbẹ̀rún dọ́là, láìka owó oníṣẹ́ gbàǹjo. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ara rẹ̀ ti dógùn-ún. Àpá irin tí wọ́n jó mọ́ ọn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti bó àpá náà kúrò kí ọkọ̀ lè rí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́, ìtàn rẹ̀ ni ì bá bó dànù. Àtúnṣe tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i gan-an ni ó sọ ọ́ di ohun iyebíye, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi í pamọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò gbàgbé owó tí wọ́n pa ní ìjọ́sí. Mustang ti ọdún 2005 gbé ojú ti àtijọ́ wọ̀. Challenger padà dé ní 2008, Camaro ní 2009. Agbára wọn wá kọjá ti gbogbo baba wọn. Challenger Hellcat ti ọdún 2015 ní agbára ẹṣin 707. Demon 170 tí ó jáde ní 2023 sì ní 1,025. Ọmọ tí ó fẹ́ tún irú èyí ṣe kì í fi ọwọ́ kan epo dúdú mọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni yóò so mọ́ ọn, yóò sì yí àṣẹ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, wọ́n ṣe Challenger àti Camaro ìkẹyìn. Mustang nìkan ni ó ń bá a lọ. Ní ọdún 2024, Dodge gbé Charger tí ń lo iná mànàmáná jáde. Ilẹ̀ tí Dodge Main wà tẹ́lẹ̀ ní Hamtramck náà ti di apá kan ilé-iṣẹ́ General Motors tí ó ń ṣe ọkọ̀ oníná. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkọ̀ oníná kì í pariwo. Ayọ́kẹ́lẹ́ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ti Dodge láti ta abarapá tí ń yọ́ kẹ́lẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbóhùn sí i kí ó lè máa bú bí ẹni tí ń jó epo.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, tí ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò ìyá àgbà, mọ̀ pé méjèèjì kò rí bákan náà. Ọ̀kan fi orúkọ kún un, èkejì fo ibì kan. Síbẹ̀, oríkì ìdílé kan náà ni, ó sì wà láàyè nítorí pé àwọn ènìyàn ń kì í. Bí a bá tì í mọ́ inú ìwé nìkan, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tí yóò lè kì í mọ́. Ní ojú tèmi, ó dára kí a tọ́jú àwọn abarapá díẹ̀ bí wọ́n ti rí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí ọwọ́ àwọn ará Hamtramck ti rí lára irin. Kí a tún àwọn ìyókù ṣe kí wọ́n lè máa rìn, kí bíréèkì wọn sì lè mú.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá tún un ṣe kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ́ńjìnnì tí ó yọ. Gbogbo ibi tí ìtàn yìí ti dùn mí, ibi tí a ti kọ irọ́ sínú ìwé ni: agbára tí a dín kù, nọ́ńbà tí a yí padà, ife tí a gbé fún ẹni tí kò ni ín. Àtúnṣe kò ba nǹkan jẹ́ tó bí ìfipamọ́ ti ń bà á jẹ́. Ọmọ tí ó bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀ lè fi ẹ́ńjìnnì tí ó wù ú sí i. Bí ó bá ń wà á kọjá, tí àwọn ará àdúgbò sì bèèrè pé ẹ́ńjìnnì wo ni ó wà nínú rẹ̀, kí ó ṣáà sọ òótọ́ fún wọn.